Ó Tó Ìrìn-àjò Tàbí Kò Tó? Ìrun Ẹni Tó Ti Ṣakí Tàbí Ìṣẹ́yìn Jáde

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ìrun arìnrìn-àjò. Ìdí tí a fi mú un ni pé a ń rí àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kí Àílà ní rákáà méjì ní Ọ̀yọ́ nítorí pé Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti wá. A sì ń rí ẹni tó ti Ṣakí dé Ìbàdàn tó ń kí mẹ́rin-mẹ́rin, tó ní bẹ́ẹ̀ ni bàbá òun ṣe máa ń ṣe.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà wà nínú Súrátù Nisáì, áyà 101. Áyà yìí dárúkọ ìbẹ̀rù ọ̀tá. Nígbà tí ìbẹ̀rù ti lọ, Sayyidina Umar bi Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè, ó sì jẹ́ kó yé e pé sàráà ni Ọlọ́hun fi ta wá lọ́rẹ, kí á gbà á. Muslim ló gba hádíìsì náà wá. Àílà, Àláásárì àti Ìṣáì ló ń di méjì; Àsùbáà àti Màgáríbì dúró bí wọ́n ṣe wà.

Báwo ni ọ̀nà ṣe gbọ́dọ̀ jìn tó? Lọ́dọ̀ Imam Malik tí a ń tẹ̀ lé nílẹ̀ wa, báríìdì mẹ́rin ni. Báríìdì kan jẹ́ fárísáàkì mẹ́rin, fárísáàkì kan jẹ́ máìlì mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ máìlì 48. Nínú Muwatta, a rí i pé Ibn Abbas máa ń dín ìrun kù láàrin Mákà àti Tọ́ífù, àti láàrin Mákà àti Jídà. Ẹni tó ti ka Risala ní ilé-kéwú yóò rántí 48 náà. Máìlì ayé ìgbà náà kò dọ́gba lójú gbogbo onímọ̀: àwọn kan pè é ní kìlómítà 77, àwọn mìíràn gbé e dé 89, ọ̀pọ̀ ń mú nǹkan bí 80. Àlọ nìkan ni a ń wọ̀n, a kì í ro àbọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ kí á wá gbé e ka ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Ṣakí sí Ìbàdàn ju 150 lọ, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣakí sí Ìṣẹ́yìn, bí ẹyẹ bá tilẹ̀ fò ó tààrà, tó 80. Ọ̀nà mọ́tò sì jù bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́yìn sí Ọ̀yọ́ kò ju nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n náà lọ. Àwọn alálàyé Mukhtasar Khalil sọ pé ẹni tó bá dín ìrun kù ní ọ̀nà tí kò tó máìlì 36 yóò tún un kí. Kí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀yọ́ gbọ́ o.

Ibi tó le ni Ìṣẹ́yìn sí Ìbàdàn. Ọ̀nà Mọ́níyà tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé tún ṣe jẹ́ kìlómítà 65. Ẹni tó bá sọ̀ ní Mọ́níyà kò tíì dé ìwọ̀n. Ẹni tó ń lọ sí Challenge nínú ọkọ̀ kan náà lè kọjá 80. Ní ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tí a fara mọ́ ni pé kí ó kí i pé bí iyèméjì bá wà, nítorí ìrun tí arìnrìn-àjò kí pé kò bàjẹ́.

Ọ̀dà tuntun dín wákàtí kù, kò dín kìlómítà kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni bàálù. Láti Ìbàdàn sí Àbújá ju kìlómítà 400 lọ, bàálù ń lò tó wákàtí kan. Ìrìn-àjò ṣì ni, bó ti wù kó rọrùn tó. Òkè-Ògùn kò ní pápákọ̀ òfurufú, nítorí náà ẹni Ṣakí tó ń dúró de bàálù ní Alákìà ti di arìnrìn-àjò kí ó tó débẹ̀: méjì ni yóò kí. Ará Ìbàdàn tó jókòó tì í ṣì wà láàrin ilé ìlú rẹ̀: mẹ́rin ni tirẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá dé Àbújá, tí wọ́n sì pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbẹ̀, mẹ́rin ni kí wọ́n máa kí.