Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ àtijọ́ tí a fẹ́ fi kó àwọn ọmọ ilé-kéwú wa lọ sí ibi ìdánwò kọ̀, kò ṣíṣẹ́. Bí a bá ti yí kọ́kọ́rọ́, yóò dún "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iná iwájú yóò sì ṣe bàìbàì. Wọ́n ní bátìrì ti kú. A ra tuntun. Ní ọjọ́ kẹta, ó tún dún "kẹ́". Owó ti lọ, àìsàn kò lọ. Ìdí nìyí tí a fi kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Báwo ni a ṣe ń wádìí?

1. Ẹ pa ọkọ̀, kí ó sinmi fún wákàtí díẹ̀, kí ẹ wá fi mítà wọn bátìrì. Èyí tó kún yóò fi bíi volt 12.6 hàn. Bí ó bá ti sún mọ́ 12, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sájì.

2. Ẹ wo orí bátìrì. Ẹ̀tù funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó bá hù síbẹ̀ ń dí iná lọ́nà. Wáyà tó wà ní ìhà àmì ìyọkúrò (−) ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn.

3. Ẹ tọ wáyà nípọn tó ti orí yìí lọ sí ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi jíà sí ọfẹ, kí ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ fi ẹnu mítà kan kan orí (−), ìkejì kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹlòmíràn yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó bá ju ìdajì volt lọ, ọ̀nà iná kò já geere. Ibí gan-an ni àìsàn tiwa wà: bóòtù kan ló dípẹtà. Sáńpépà ló wò ó sàn.

4. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, mítà yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Bí kò bá gòkè, bátìrì kò rí oúnjẹ jẹ. Ẹ wo bẹ́líìtì ọ̀tẹ̀nétọ̀ ná.

Ìkìlọ̀: bí fíúsì 10 amp bá jó, ẹ má fi 30 tàbí wáyà lásán rọ́pò rẹ̀. Fíúsì ń jó kí wáyà má baà jó ni. Bí fíúsì bá kọ̀ tí kò jó, wáyà ni yóò jó, ọkọ̀ lè tẹ̀lé e, tèrò tèrò. Ẹ wá ibi tí wáyà ti bó tó ń kan irin.

Abéèrè kì í ṣìnà. Mítà ni a fi ń bi ọkọ̀ léèrè.