Ẹ Fi Ológbò Sílẹ̀, Àrọ̀ Ló Ń Jẹ Àrọ̀

Olóòtú, mo ra ọmọ àrọ̀ 30 ní Ẹdẹ, mo kó wọn sínú tánkì onígíláàsì ní pálọ̀ nítorí àwọn ọmọ-ọmọ mi. Mo fi ẹpìyà méjì láti odò Erinlẹ̀ kún wọn. Ojoojúmọ́ ni àrọ̀ ń dín, n kò sì rí òkú kankan. Ọ̀kan nínú àwọn ẹpìyà ti gé ìrù èkejì jẹ. Ìyàwó mi ní ológbò àdúgbò ló ń kó ẹja. Kí ni ṣíṣe?
Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, Awo.

Bàbá Tíṣà, ẹ kú àmójútó. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé ọwọ́ ológbò mọ́. Bí ẹ bá da ọmọ àrọ̀ síbì kan náà, díẹ̀ nínú wọn á sáré dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ṣútà làwọn tó ń sin ẹja ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ìrù ẹlòmíì ni wọ́n máa ń bù jẹ. Bí ẹnu bá ti fẹ̀ tó, orí ni wọ́n á ti mú un, wọ́n á gbé e mì lódindi. Ibo lẹ ti fẹ́ rí òkú? Òru ni wọ́n ń ṣọdẹ jù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí tánkì náà lálẹ́ kí ẹ wo èyí tí ikùn rẹ̀ yọ gọngọ, tí irùngbọ̀n rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láìmikàn.

Ebi àti àìdọ́gba ló fà á. Ẹ máa fún wọn lóúnjẹ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin lójúmọ́, kí hóró rẹ̀ má ju ẹnu wọn lọ. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá ti ń pé, ẹ sọ́ọ̀tì wọn: kí ńlá máa gbé lọ́tọ̀, kí kékeré máa gbé lọ́tọ̀. Àrọ̀ kò sì fẹ́ràn iná pálọ̀ tó ń tàn yòò. Ẹ fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ tánkì, kí ẹ sì ju ègé páìpù sínú rẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi sá sí. (Ẹ dé e lórí o! Àrọ̀ ń mí afẹ́fẹ́ òkè, ó lè fò jáde kó máa wọ́ lọ sábẹ́ àga yín.)

Ti ẹpìyà yàtọ̀, ìjà ilẹ̀ ni tiwọn. Akọ ẹpìyà máa ń fi ẹnu gbẹ́ ihò sísàlẹ̀ omi, kò sì ní jẹ́ kí akọ mìíràn sún mọ́ ọn. Nínú Erinlẹ̀, èyí tí wọ́n bá lé á sá lọ, ìjà á parí. Nínú gíláàsì, kò síbi tó máa sá gbà. Oúnjẹ kò lè wo èyí sàn. Ẹ mú ọ̀kan kúrò lónìí.

Ẹ má tún da àrọ̀ àti ẹpìyà pọ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ táwọn olóko ẹja ti ń fi àrọ̀ sínú adágún ẹpìyà kó lè máa jẹ ọmọ ẹpìyà, kí wọ́n má baà pọ̀ jù. Àrọ̀ tó ń jẹun dáadáa sì lè tó kílò kan láàárín oṣù mẹ́fà. Kì í ṣe ẹja pálọ̀. Ẹ gbé e lọ sí tánkì ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ wá ẹja mìíràn fáwọn ọmọ-ọmọ yín.