Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀bù àti Àgádágodo Rẹ̀

Ní agbo ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn, àti ní àwọn abúlé oko tí ó yí i ká, inú ilé ni a ti ń ti ilẹ̀kùn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹni tí ó bá wọlé kẹ́yìn a gbé ọ̀pá ìdábùú sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó di òwúrọ̀. Ọ̀pá náà kò ní kọ́kọ́rọ́, kò sì ṣe aláìní in, nítorí pé ènìyàn wà nínú ilé. Ti ṣọ́ọ̀bù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́jà a kó ọjà rẹ̀ sílẹ̀, a jáde, a lọ sùn sí ibòmíràn. Ìta ni ó ti gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn, ìta kan náà ni olè sì ti ń bá a ṣí i.

Láti Mọ́níyà títí dé Lálúpọn, láti Ẹgbẹ́dá títí dé Àkànrán, ṣọ́ọ̀bù kéékèèké pọ̀ ní etí ọ̀nà. Ẹlòmíràn ń ta ìyẹ̀fun, ṣúgà àti ọṣẹ. Ẹlòmíràn ń ta ajílẹ̀ àti oògùn apakoríko fún àwọn àgbẹ̀. Aránṣọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú maṣíìnì rẹ̀, oní-POS sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú owó àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé owó àjọ tàbí owó yíyá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Bí kọ́lékọ́lé bá wọlé ní òru kan ṣoṣo, ọjà a ti lọ, gbèsè a sì wà nílẹ̀. Nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹnìkan, àwọn aládùúgbò rẹ̀ a máa sáré lọ ra àgádágodo tí ó tóbi ju ti ìṣáájú lọ, wọn a sì fi í kọ́ ara irin kan náà, lára pákó kan náà. Owó yẹn kò bọ́ sí ibi tí ó yẹ.

Ìtàn kan wà tí ó lè là á yé ni. Ní ọdún 1851, nígbà Ìpàtẹ Ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, ará Amẹ́ríkà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Alfred Charles Hobbs dojú kọ àgádágodo Bramah, èyí tí àwọn ènìyàn gbàgbọ́ pé kò sí ẹni tí ó lè ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́. Ó ṣí i. Ṣùgbọ́n wákàtí 51 ni ó fi ṣe é, tí ó pín in sí ọjọ́ 16. Ọ̀gá ni Hobbs nínú iṣẹ́ náà, a sì fún un ní àyè. Ta ni kọ́lékọ́lé tí yóò jókòó fún ọjọ́ 16 sí iwájú ṣọ́ọ̀bù ní Àkànrán? Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó ní, kí ajá tó gbó, kí ọlọ́dẹ tó yí dé. Nítorí náà kì í sábà bá inú àgádágodo jà. A ti díígà bọ abẹ́ irin, a sì tẹ̀ ẹ́. Tàbí kí ó fi ẹ̀mú ńlá gé ọrùn àgádágodo. Tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn títí òpó rẹ̀ yóò fi là.

Igi ni kí onílé kọ́kọ́ wò. Igi arère fúyẹ́, ó rọrùn fún káfíńtà láti fá, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń bá a pàdé lára ilẹ̀kùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n kì í di ìṣó mú pẹ́, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìrókò àti apá le, ikán kì í sì í tètè bà wọ́n jẹ́. Kí ènìyàn mú ọ̀bẹ ṣóńṣó, kí ó fi gún ìsàlẹ̀ òpó méjèèjì níbi tí wọ́n ti kan ilẹ̀, pàápàá lẹ́yìn ìgbà òjò. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ẹni gún iṣu sísè, kò sí àgádágodo kan ní ọjà Gbági tí ó lè gba ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Kí a yọ òpó náà, kí a fi igi líle rọ́pò rẹ̀, kí a sì fi irin gígùn tí ó wọ inú búlọ́ọ̀kù dè é mọ́ ògiri, kì í ṣe ìṣó wẹ́wẹ́ tí ó dúró sí ojú símẹ́ńtì. Bí ògiri bá jẹ́ ti amọ̀, kí a da kọnkéré yí òpó ká.

Lẹ́yìn igi ni ó kan ahọ́n irin àti òrùka tí a ń fi àgádágodo kọ́. Níhìn-ín ni àléébù pọ̀ sí jù, ojú sì ń rí i lójoojúmọ́: súkúrúù mẹ́rin tí kò gùn ju ìdajì íǹṣì lọ, tí orí gbogbo wọn sì hàn síta. Ẹni tí ó bá ní irin tí ń tú súkúrúù nínú àpò lè tú gbogbo rẹ̀ láìfọwọ́ kan àgádágodo. Bóòtù ni ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, èyí tí orí rẹ̀ rí roboto tí ó sì ń dán ní ìta, tí ó la pákó já, tí a sì fi irin pẹlẹbẹ àti nọ́ọ̀tì dì ní inú. Bí a bá pa ahọ́n irin dé, kí ó bo orí àwọn bóòtù náà mọ́lẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá jẹ́ onírin, kí wẹ́dà jó o mọ́ ọn yí ká, kí ó má ṣe kàn tọ́ ọ ní ojú méjì kí ó sì gba owó.

Ní ti àgádágodo fúnra rẹ̀, kí ọrùn rẹ̀ nípọn, kí ó sì kún ihò òrùka tó bẹ́ẹ̀ tí díígà kò fi ní rí àyè wọ̀. Ọrùn gígùn tí ń mì dirodiro ni olè ń fẹ́. Idẹ kì í dógùn-ún bí irin, èyí sì dára fún ìgbà òjò, ṣùgbọ́n ó rọ̀ fún ayùn; nítorí náà ara rẹ̀ lè jẹ́ idẹ, ṣùgbọ́n kí ọrùn rẹ̀ jẹ́ irin tí a ti fi iná mú le. Àwọn kan wà tí irin bo ọrùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ká. Wọ́n gbówó lórí díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mú kì í rí ibi dì mú lára wọn.

Kí a má gbàgbé ẹ̀gbẹ́ kejì. Ilẹ̀kùn tí ń ṣí síta, ìta ni híńjì rẹ̀ wà. Bí a bá gbá irin àárín rẹ̀ jáde, a lè fa ilẹ̀kùn yọ pẹ̀lú àgádágodo lára rẹ̀. Kí wẹ́dà jó orí irin náà pa. Páànù òrùlé pẹ̀lú rọrùn láti ṣí níbi tí kò sí àjà. Àwọ̀n irin lábẹ́ páànù a dí ọ̀nà náà. Fèrèsé ẹ̀yìn ńkọ́? Ohun tí a ṣe fún iwájú ni kí a ṣe fún un.

Àwọn tí ń fẹ́ àgádágodo inú ilẹ̀kùn, èyí tí káfíńtà ń gbẹ́ igi fún kí ó lè wọ inú rẹ̀, oríṣi méjì ni wọn yóò sábà bá lọ́jà. Nínú oríṣi kìn-ín-ní, àwọn irin pẹlẹbẹ ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé sókè. Èyí tí ó ní irin méjì tàbí mẹ́ta kò ní ìyàtọ̀ kọ́kọ́rọ́ púpọ̀. Kì í ṣe ohun ìyanu bí kọ́kọ́rọ́ ẹnìkan bá ṣí ti aládùúgbò rẹ̀. Yàrá ni ó yẹ fún. Bí a óò bá lò ó fún ṣọ́ọ̀bù, kí ó jẹ́ onírin márùn-ún. Oríṣi kejì ni èyí tí Linus Yale kékeré, ará Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní 1861 àti 1865. Ọgbọ́n náà ti pẹ́ láyé: àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi igi ṣe irú rẹ̀, àwọn Bámbárà àti Dògónì ní ilẹ̀ Málì sì ń gbẹ́ àgádágodo onígi sí ilẹ̀kùn ilé àti àká wọn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ márùn-ún ni ó sábà wà nínú ti Yale. Kọ́kọ́rọ́ a gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ìwọ̀n tirẹ̀, nígbà náà ni ọkàn àgádágodo yóò tó yí. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ní ìwọ̀n mẹ́fà, oríṣi kọ́kọ́rọ́ 7,776 ni a lè ti ibẹ̀ rí. Kí àwọn ọmọ ilé ìwé ṣe ìṣirò rẹ̀ wò.

Àǹfààní rẹ̀ mìíràn ni pé a lè yọ ọkàn yìí nìkan, kí a sì fi òmíràn sí i láìba ilẹ̀kùn jẹ́. Nígbà tí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá gba òmìnira, tàbí tí kọ́kọ́rọ́ kan bá sọnù, tàbí tí ẹni tuntun bá gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ẹni àtijọ́, kí a pààrọ̀ ọkàn náà ní ọjọ́ náà gan-an. Kì í ṣe ìfura sí ọmọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ń gé kọ́kọ́rọ́ ní etí ọ̀nà lè gé ẹ̀dà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí olè bá sì wọlé lẹ́yìn náà láìfọ́ nǹkan kan, orí ọmọ tí ó ti lọ ni ẹ̀sùn yóò kọ́kọ́ bọ́ sí. Pípààrọ̀ ọkàn ń gba òun pẹ̀lú.

Eruku ọyẹ́ àti òjò ni ọ̀tá àgádágodo. Kí a má ṣe da epo pupa sí i, bí àwọn kan ti ń ṣe. Epo a dì, a sì kó eruku jọ títí kọ́kọ́rọ́ kò fi ní wọlé mọ́. Kí a fi ọ̀bẹ họ èédú inú pẹ́ńsùlù, kí a fi ìyẹ̀fun rẹ̀ pa kọ́kọ́rọ́, kí a sì tì í wọlé kí a fà á jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Rọ́bà táyà tí a gé pẹlẹbẹ, tí a kàn sókè àgádágodo, a máa dí òjò.

Ó ku ọ̀ràn kan tí ó wúwo ju ọjà lọ. Àwọn ọlọ́jà kan a máa fi ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ sùn sínú ṣọ́ọ̀bù láti ṣọ́ ọ, wọn a fi àgádágodo tì í láti ìta, wọn a sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé. Bí iná bá sọ láti ara àbẹ́là tàbí wáyà, ọmọ náà kò ní ọ̀nà àbáyọ. Irin tí a fi dènà olè ni yóò dá àwọn tí ń sáré bọ̀ wá gbà á dúró. Bí ó bá sì tan jẹnẹrétọ̀ kékeré sínú ilé kí olè má bàa gbé e, májèlé kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Oorun a kun ọmọ náà, kò sì ní jí mọ́. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ti pa odidi ìdílé ní Nàìjíríà rí. Níbi tí a bá kó oògùn apakoríko àti oògùn kòkòrò sí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò yẹ fún ẹni tí ń sùn rárá.

Ohun tí ó dára jù ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe sùn sínú ṣọ́ọ̀bù. Kí oní-POS kó owó rẹ̀ lọ ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ọlọ́jà ojú ọ̀nà kan náà sì pawọ́ pọ̀ san owó ọlọ́dẹ. Bí ó bá di dandan kí ènìyàn sùn níbẹ̀, inú ni kí òun fúnra rẹ̀ ti tì í, bí ti agbo ilé. Kí irin ìdábùú méjì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí a ń fà láìsí kọ́kọ́rọ́. Kí jẹnẹrétọ̀ wà ní ìta, jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí a fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ òpó. Kí ọ̀gá dán an wò ní alẹ́: kí ó pa iná, kí ó ní kí ọmọ náà dìde lórí ẹní kí ó sì jáde. Bí ọwọ́ ọmọ kò bá tó irin òkè, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá le jù fún un láti fà, kí a ké sí káfíńtà ní ọjọ́ kejì láti tún un ṣe, kí ọmọ náà sì sùn sílé títí iṣẹ́ náà yóò fi parí.