Ọ̀ràn Àwọ̀ Ara ní Ìlú London

Ìlú ńlá ni London, onírúurú ènìyàn láti ilẹ̀ gbogbo ni ó sì ń gbé inú rẹ̀. Síbẹ̀, ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ó ṣòro púpọ̀ fún ènìyàn dúdú láti rí yàrá yá níbẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kan ilẹ̀kùn, onílé a wo ojú rẹ̀, a sì ní ẹlòmíràn ti gba yàrá náà. Àwọn mìíràn a fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé àwọn kò kórìíra ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò àwọn kò ní fẹ́ ẹ. Báyìí ni olúkúlùkù ṣe ń ti ẹ̀bi sí ẹlòmíràn lọ́rùn, tí àlejò sì wà ní ìta nínú òtútù.

Àwọn àgbà a máa wí pé ènìyàn ni aṣọ ẹni. Ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀. Láti ọdún 1929 títí di 1932, ó rin ìrìn-àjò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti wá owó jọ. Ní 1933, ẹgbẹ́ náà ṣí ilé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden.

Ní ọdún 1943, ọ̀ràn yìí kan Learie Constantine, ọmọ Trinidad, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú eré kíríkẹ́ẹ̀tì. Ó ti bá ilé ìtura Imperial ṣe àdéhùn pé òun àti ìdílé òun yóò sùn níbẹ̀ fún òru mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n dé, a sọ fún un pé òru kan ṣoṣo ni ó lè sùn, nítorí àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó wọ̀ síbẹ̀. Constantine pe ẹjọ́, ó sì jàre ní 1944. Pọ́n-ùn márùn-ún àti ṣílè márùn-ún péré ni owó ìtanràn rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ìlú gbọ́ ọ.

Ìjọba ṣe òfin ní 1965 láti fòpin sí ìyàtọ̀ àwọ̀ ní àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀, bí ilé ìtura àti ilé oúnjẹ. Òfin ti 1968 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀ràn ilé yíyá àti iṣẹ́ kún un.

Ní àwọn ìlú tiwa náà, àwọn onílé kan wà tí ń béèrè ẹ̀yà ènìyàn kí wọ́n tó béèrè ìwà rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní aládùúgbò òun ni kò fẹ́ àlejò, kí ó kọ́kọ́ bi aládùúgbò náà léèrè. Bóyá òun gan-an ni ẹni náà ń bẹ̀rù.