Bí Irin Bá Kan Irin

Bí irin bá kan irin, ọ̀kan á tẹ̀ fún ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ lu ihò sí ara géètì tàbí ilẹ̀kùn irin ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kétu àti Ìkòsí nílùú Èkó gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò tẹ̀ kó tó mówó jáde. Bí bíìtì ẹnu dírílì kò bá le ju irin lọ, kò sí dírílì tó lè gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ná gbogbo owó sórí ẹ̀rọ kí ẹ wá fi ṣéńjì ra bíìtì. Èyí tí wọ́n lẹ irin pẹlẹbẹ kan mọ́ lórí, tí orí náà fẹ̀ ju ara lọ, ti búlọ́ọ̀kù ni. Fífọ́ ló ń fọ́ nǹkan, kì í gé irin. Èyí tí wọ́n tẹ HSS sí lára ni kí ẹ béèrè. Bó tilẹ̀ gbóná dé nǹkan bí 600°C, líle rẹ̀ ò ní lọ. Fún irin tí kì í dípẹtà, ẹ wá èyí tó ní kóbáltì: èyí tí wọ́n tẹ M35 sí lára ní kóbáltì ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti M42 ní 8. Àwọ̀ wúrà kò tó ẹ̀rí rárá, torí ara lásán ló wà. Bíìtì márùn-ún tó dára, láti mm 3 dé mm 10, sàn ju àpótí tó kún fún ọgọ́rùn-ún tí kò ní láárí.

Ní ti dírílì, ẹ ra èyí tí ìka lè dín eré rẹ̀ kù. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó kVA 1 máa ń jà raburabu kó tó lè gbé dírílì wáàtì 750, nítorí náà èyí tó ń lo bátìrì dára fún ẹni tí iná ìjọba kì í dúró fún.

Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun a fagbára mú níí le koko. Eré ẹ̀rọ ni kí ẹ fẹ̀sọ̀ mú o, kì í ṣe ọwọ́! Lórí irin lásán, bíìtì mm 3 lè yí tó ìgbà 2,600 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ti mm 10 kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 800 lọ. Irin tí kì í dípẹtà kò fẹ́ tó ìdajì ìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa; bíìtì tó bá kàn ń ra irin yìí lójú láìgé e, ńṣe ló túbọ̀ ń mú un le.

Ẹ fi òòlù sàmì sí ojú ibẹ̀, ẹ kán epo sí i, ẹ de irin náà mọ́lẹ̀, ẹ wọ awò ojú, ṣùgbọ́n ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́: bíìtì lè wé e, kó sì fa ọwọ́ lọ. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó lu já, ẹ dẹ ọwọ́ yín, torí ibẹ̀ ló ti máa ń há, tó sì ń lọ́ ọrùn ọwọ́.

Ẹ lè lọ sí Owódé Onírin lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kí ẹ ra àjákù irin tí ẹ ó fi kọ́wọ́. Bí bíìtì bá kú, ẹ pọ́n ọn kí ojú rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá gùn ju èkejì, ihò á fẹ̀ ju bíìtì lọ, bóòtù á sì máa mì nínú rẹ̀.