Ewu Ọmọ: Nígbà tí Omira bá Wọ Inú Ẹ̀jẹ̀

Bí obìnrin bá bímọ ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, àwọn ará ilé àti ará àdúgbò a máa kí i pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ewu wà nínú ìbímọ. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ nípa ọ̀kan nínú wọn.

Omira ni omi tí ó yí ọmọ ká nínú ilé-ọmọ. Omi rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin bá ń rọbí, tàbí kété tí ó bá bímọ tán, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ìyá. Àwọn dókítà gbà pé ara àwọn ìyá kan a máa bá a jà, ìjà náà a sì bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀. Lójijì, ìyá kò lè mí dáadáa mọ́. Ó lè máa gbọ̀n, ó sì lè dákú. Lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ a máa dà, kò ní dì.

Ní ọdún 1941, onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Steiner àti Lushbaugh, kọ̀wé nípa ìyá 8 tí àrùn yìí pa. Kò wọ́pọ̀: àwọn kan ṣírò rẹ̀ sí ẹyọ kan nínú ìbímọ 40,000. Kò sí àyẹ̀wò tí ó lè sọ ẹni tí yóò mú. Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ pé àjẹ́ ni, ẹ má sì ṣe ní kí aboyún jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni.

Kí ni kí á ṣe? Ìyá náà nílò ọ́síjìn, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ àti dókítà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Agbẹ̀bí inú ilé kò ní ìwọ̀nyí, bí ó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dára tó. Kí á tó gba inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ láti Bajulaiye dé ilé ìwòsàn ní Gbàgádà, ó lè ti pẹ́ jù. Òótọ́ ni pé àwọn kan ń kú ní ilé ìwòsàn ńlá pàápàá. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìrètí pọ̀ sí jù.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ bá ìyàwó yín lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ béèrè pé, "Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbí? Ṣé ọ́síjìn wà?" Bí ewu bá dé ní ilé, ẹ pe 767 tàbí 112.

A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Ìbéèrè
1. Kí ni omira?
2. Kí ni ẹ ó béèrè ní ilé ìwòsàn?