Nígbà tí tẹ̀mósítà kúfọ́ọ̀sì kò bá gbọ́ràn

Ẹni tó mọ̀wé kọ nínú ẹgbẹ́ kó mú bírò o, nítorí nọ́ńbà pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ òní.

Ọ̀rọ̀ kúfọ́ọ̀sì ni, àpótí tó ń bá wa pa ẹyin. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń fi pákó kàn án fúnra yín nílé. Àmpúùlù ló ń fún ẹyin ní ooru, tẹ̀mósítà ló sì ń ṣọ́ ooru náà. Bí fáànù bá wà nínú àpótí, ẹyin adìyẹ ń fẹ́ ooru 37,5 sí 37,8, fún ọjọ́ 21. Ti ẹtù ń gba ọjọ́ 26 sí 28. Bí iná bá lọ fún wákàtí kan, tí ẹ ò ṣí àpótí, tí ẹ sì fi aṣọ nípọn bò ó, ẹyin sábà máa ń là á já (kí ẹ ká aṣọ náà kúrò ní kété tí iná bá dé). Ṣùgbọ́n bí ooru bá gun 40 kọjá, ọmọ inú ẹyin ò ní pẹ́ kú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé tẹ̀mósítà tó kọ̀ láti pa iná burú ju èyí tó kọ̀ láti tàn án lọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan fíìlì, ẹ pa disjoncteur, kí ẹ tún yọ kúfọ́ọ̀sì kúrò nínú pírísì. Iná 220 ò mọ ọmọ, kò mọ àgbà.

Nǹkan kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọ́n rò pé tẹ̀mósítà ló ń fún àmpúùlù ní iná. Rárá o. Aṣọ́nà ni. Ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń ti ilẹ̀kùn, kì í ru ẹrù. Ẹ mú èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, tí wọ́n kọ STC-1000 sí lára, irú tó ń lo 220. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú: ibi ìdè fíìlì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. 1 àti 2 ni iná ń gbà wọlé fún ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. 3 àti 4 jẹ́ ti fíìlì dúdú gígùn tó ń wọn ooru. Iná 220 kò gbọ́dọ̀ débẹ̀ láé. 5 àti 6 ni ilẹ̀kùn ooru. 7 àti 8 ni ilẹ̀kùn òtútù, ti ẹni tó ní fírígò nìyẹn.

Báyìí la ṣe ń so ó. Phase lọ sí 1. Láti 1, ẹ gé fíìlì kékeré kan, kí ẹ fi so 1 mọ́ 5. Láti 6, fíìlì lọ sí àmpúùlù. Neutre lọ sí 2, ó sì tún lọ sí apá kejì àmpúùlù. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ fíìlì nìkan, pàápàá nínú ilé tó ti pẹ́. Ẹ pe ẹni tó ní tournevis tó ń dá phase mọ̀.

Ó dáa. Ẹ̀rọ tàn, nọ́ńbà ń hàn, ẹ gbọ́ tí ó dún “ta!” nínú, síbẹ̀ àmpúùlù ò tàn. Fíìlì kékeré yẹn, láti 1 sí 5, ni ẹ gbàgbé. Mo lè sọ pé òun ni wọ́n ń gbàgbé jù. Àwọn kan á ti ju ẹ̀rọ tó dára nù, wọn á lọ ra òmíràn, tuntun náà á sì tún kọ̀.

Bí nọ́ńbà ò bá hàn rárá ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ fi ṣájà fóònù dán pírísì wò. Bí pírísì bá dára, ẹ tú bíbá fíìlì wò: nígbà mìíràn rọ́bà ni fíísì dì mú, kò kan bàbà inú rẹ̀. Ẹ ka ara ẹ̀rọ náà pẹ̀lú. Irú tó ń lo 12 wà, fún bátìrì àti sólà. Bí ẹ bá so ìyẹn mọ́ 220, ó ti jóná nìyẹn.

Bí ó bá kọ EE, fíìlì ìwọnooru ló já tàbí tó tú ní 3 àti 4. Eku fẹ́ràn fíìlì yẹn.

Bí àmpúùlù bá ń tàn nígbà tí inú àpótí gbóná, tó ń kú nígbà tó tutù, 7 àti 8 ni ẹ so ó mọ́. Ẹ gbé e lọ sí 5 àti 6.

Èyí tó léwu ni pé kó gbóná kọjá, kí iná má sì kú. Ẹ dín nọ́ńbà F1 kù sí 30, kí ẹ tẹ́tí. Bí àmpúùlù bá ń tàn síbẹ̀, tí fíìlì sì wà níbi tó yẹ, ilẹ̀kùn inú ẹ̀rọ ti lẹ̀ mọ́ra. Kò sí àtúnṣe, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ yọ iná, ẹ ṣí àpótí díẹ̀ kí ooru jáde.

Ní ìrọ̀lẹ́, tí gbogbo àdúgbò bá tan iná, agbára iná a máa wálẹ̀. Bí 220 bá di 180, ooru àmpúùlù ti dín ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ẹ̀bi tẹ̀mósítà kọ́. Ẹ fi àmpúùlù méjì ti 40 síbẹ̀ dípò ẹyọ kan ti 60. Tẹ̀mósítà yóò pa wọ́n nígbà tó bá tó, bí ọ̀kan bá sì jó, èkejì wà. Àmpúùlù LED ò wúlò fún iṣẹ́ yìí o, ó ń tàn lásán ni.

Ẹ má tíì kó ẹyin wọlé. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lófìfo fún ọ̀sán kan àti òru kan. Ẹ fi F1 sí 37,7, F2 sí 0,3. Ẹ gbé orí fíìlì ìwọnooru sí ibi tí ẹyin máa wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ àmpúùlù, kì í ṣe ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ fi tẹ̀mómẹ́tà ibà, èyí tí a fi ń wo ara ọmọdé, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí tẹ̀mómẹ́tà bá sọ 38, tí ẹ̀rọ sọ 37, ẹ fi 1 sí F4. Ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ní àárọ̀, ní ọ̀sán, ní alẹ́, kí ẹ mú ìwé náà wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí omi inú àpótí àti yíyí ẹyin.